Démò Ọ̀fẹ́ fún Géèmù Sísin Ẹ̀dá Abàmì: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Dúró Dè?

Ìròyìn pé démò ọ̀fẹ́ kan, ìyẹn ìtọ́wò géèmù, ń bọ̀ máa ń mú ara àwọn olólùfẹ́ géèmù sísin ẹ̀dá abàmì, níbi tí a ti ń mú ẹ̀dá abàmì tí a sì ń tọ́ ọ bí ẹran ọ̀sìn, yá gágá. Ní Abẹ́òkúta níbí, yálà láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUNAAB tó ń gbé ní agbègbè Camp, tàbí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ìrọ̀lẹ́ najú ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń kéde fún géèmù ńlá tuntun lórí Switch, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti Nintendo, jẹ́ nǹkan bíi 60 dọ́là, owó náà sì pọ̀ jù láti ná sórí ohun tí ènìyàn kò tíì fọwọ́ kàn rí. Démò ni ó jẹ́ kí a lè wọlé wò kí a tó sanwó. Síbẹ̀, a máa ń san nǹkan kan fún ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́: dátà ni a fi ń gbé e wá sórí ẹ̀rọ, iná ni a fi ń ṣe é, àkókò wa ni a sì ń lò sí i.

Ohun tí mo gbé ìfiwéra yìí lé ni pé iye tí démò kan ní kò sí nínú bó ti gùn tó. Inú ohun tó fi sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kí n tó mú àwọn géèmù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Nínú irú géèmù yìí, agbára akọni nìkan kọ́ ni a fi ń ṣẹ́gun. Ẹ̀dá tí a mú nínú igbó, tàbí tí a tọ́jú ẹyin rẹ̀ títí ó fi jáde, tí a sì kọ́ ní ìjà títí ó fi dàgbà, òun ni ó ń gbé ogun náà lé èjìká. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ni iṣẹ́ yìí ń gbà, àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ sì mọ̀ pé ibi tí adùn wà náà nìyẹn. Bí ènìyàn bá wá tọ́ ẹ̀dá kan fún ìrọ̀lẹ́ mélòó kan nínú démò, tó fún un ní orúkọ, tó mọ ìwà rẹ̀, tí géèmù gan-an sì sọ fún un pé kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ó dùn mí ju kí démò náà má wà rárá lọ. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bèèrè ni pé: ǹjẹ́ ohun tí a fi pamọ́ nínú démò yóò bá wa dé inú géèmù tí a bá rà? Mo fi ìbéèrè yìí ṣíwájú ẹwà àwòrán àti adùn orin.

Ìbéèrè kejì ni ti ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ yín. Kò bọ́gbọ́n mu láti ra ẹ̀rọ tuntun nítorí démò ọ̀fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni dátà àti ààyè. Ẹ̀rọ Switch kò gba káàdì síìmù, nítorí náà inú fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Switch àkọ́kọ́ àti Switch Lite ní ààyè 32 GB, ti OLED jẹ́ 64 GB, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ti jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ kí a tó fi ohunkóhun sí i. Ojú ewé géèmù kọ̀ọ̀kan nínú ilé ìtajà Nintendo máa ń fi bó ti tóbi tó hàn kí a tó gbà á, ẹ má ṣe fojú fò ó. Switch tún lè máa gba géèmù sórí ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn, èyí tó jẹ́ àǹfààní ńlá fún ẹni tó ń ra dátà òru tí kò wọ́n tó ti ọ̀sán. Ẹ so ó mọ́ fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ ojú rẹ̀ pa, kí ẹ sì lọ sùn.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Bátìrì Switch tó jáde ní 2017 máa ń gbé wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀; èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2019 ń gbé wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án; Switch Lite sì ń gbé mẹ́ta sí méje. Gbogbo wọn ń lo wáyà USB-C, nítorí náà pawa bánkì tó dára lè gbà wọ́n sílẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ẹ̀karùn-ún ni iye owó géèmù gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni démò ń mú wa lọ.

Ó kù ohun kékeré kan nípa àkáǹtì. Ọ̀fẹ́ ni àkáǹtì Nintendo, orílẹ̀-èdè tí a bá yàn sínú rẹ̀ ni ó ń pinnu ilé ìtajà tí a ó rí, a sì lè yí i padà. Démò kò nílò káàdì báǹkì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó démò fún òun, yàtọ̀ sí owó dátà tí ó lò, ẹ má dá a lóhùn.

Ìgbà wo ni démò sábà máa ń dé?

Ẹni tó ń retí nílò láti mọ ìgbà tó yẹ kó máa wojú ọ̀nà. Démò Pokémon Sun àti Moon jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, géèmù náà sì jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, oṣù kan gééré. Ti Monster Hunter Stories 2 jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2021, géèmù sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ méjì. Ti Dragon Quest Monsters: The Dark Prince jáde nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2023, géèmù rẹ̀ sì dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé kò sí ìdí láti máa bínú bí géèmù kan bá ṣì ku oṣù mẹ́fà tí a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa démò rẹ̀. Oṣù tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ máa wo ojú ewé rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo géèmù ni ó ń ní démò. Pokémon Scarlet àti Violet jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 láìsí démò kankan, ó sì tà bẹ́ẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ géèmù rẹ̀ ti tó láti tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò láti fún wa ní ìtọ́wò.

Dragon Quest Monsters: The Dark Prince, lórí Switch

Psaro ni akọni géèmù yìí, tí Square Enix gbé jáde. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọba lórí àwọn abàmì, fi í gégùn-ún pé kò ní lè ṣe ẹ̀dá abàmì kankan ní jàǹbá mọ́. Níwọ̀n bí kò ti lè gbé ọwọ́ sókè sí wọn, kò sí ohun tó kù fún un ju pé kó kó àwọn ẹ̀dá mìíràn jọ kí wọ́n máa jà fún un. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ géèmù bẹ́ẹ̀ kì í sọ ìdí tí akọni fi ń dúró sẹ́yìn tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ń gba ìyà níwájú.

Bí a bá pàdé ẹ̀dá kan tí ó wù wá, a óò pàṣẹ fún àwọn tiwa láti fi agbára hàn án. Wọn á jáde síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti ṣe tirẹ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lójú ẹ̀rọ á gòkè díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ojú á wà lára ẹ̀dá náà: yóò tẹ̀ lé wa, tàbí yóò kọ̀. Kódà nígbà tí ìdá náà bá kéré, ó lè gbà. Nígbà tó bá pọ̀, ó lè kọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn nìkan tó láti jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá géèmù yìí bá òun lára mu.

Ṣùgbọ́n inú dída ẹ̀dá méjì pọ̀ ni ọkàn géèmù náà wà. Bí ẹ̀dá méjì bá ti dé ìpele kẹwàá, a lè dà wọ́n pọ̀ di ẹ̀dá tuntun kan. Àwọn òbí á lọ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní, á sì jogún ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ó ju 500 ẹ̀dá lọ nínú géèmù náà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa ṣírò ohun tí yóò jáde bí ó bá fi èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn kò ní tètè sú. Ilẹ̀ tí ìrìn àjò náà ti ń wáyé tún ní ìgbà tó ń yí padà, ẹ̀dá tí a kò rí ní ìgbà kan sì lè yọjú ní ìgbà mìíràn.

Ní ti ìbéèrè wa àkọ́kọ́, démò yìí yege: ohun tí a bá fi pamọ́ nínú rẹ̀ ń wọ inú géèmù gan-an. Àwọn tí ààyè wọn kéré lè pa démò náà rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, nítorí pé pípa géèmù rẹ́ lórí Switch kì í pa ohun tí a fi pamọ́ rẹ́. Ẹ ṣáà má ṣe wọ ibi tí a ti ń bójú tó ohun ìpamọ́ lọ pa á níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ kan náà lórí ẹ̀rọ kan náà ni ẹ fi ṣe démò àti géèmù. Ó sàn pẹ̀lú kí ẹ gba méjèèjì láti inú ilé ìtajà orílẹ̀-èdè kan náà.

Àléébù rẹ̀ ni pé àwòrán máa ń fà, kì í sì í mọ́ kedere, ní àwọn pápá gbalasa. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò gba èyí yóò mọ̀ láti inú démò. Ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀kan-tẹ̀lé-ọ̀kan, kò sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti yára, nítorí náà bí iná bá lọ tàbí tí wọ́n bá pè yín, ẹ lè tẹ ojú ẹ̀rọ pa láìpàdánù nǹkan kan.

Monster Hunter Stories 2: Wings of Ruin, lórí Switch

Géèmù Capcom yìí gba ọ̀nà mìíràn, ẹyin sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Akọni jẹ́ ọmọ-ọmọ gbajúmọ̀ kan tó máa ń gun abàmì, tí wọ́n ń pè ní Red, láti ara ẹyin kan tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni ìtàn sì ti ń gbilẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nínú démò rẹ̀ ni bí a ti ń yan ẹyin. A óò wọ inú ihò àwọn abàmì lọ títí dé ìtẹ́, nígbà mìíràn tí ẹni tó ni ìtẹ́ náà ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A óò mú ẹyin kan, ológbò tó ń bá wa rìn, Navirou, á sì sọ bó ti wúwo sí àti bí òórùn rẹ̀ ti rí. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a lè dá a padà kí a mú òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé tó ń gbé iṣu wò ní ọjà Kútọ̀ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe èyí pẹ́ jù, abàmì náà lè jí. Ìpinnu kékeré yìí, láti gba ohun tó wà lọ́wọ́ tàbí láti wá èyí tó sàn jù, ń tún ara rẹ̀ ṣe jálẹ̀ géèmù, kò sì sú mi rí.

Ìjà rẹ̀ dá lórí irú ìkọlù mẹ́ta: ti agbára ń borí ti ọgbọ́n, ti ọgbọ́n ń borí ti ìyára, ti ìyára sì ń borí ti agbára. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n a ní láti kíyèsí irú èyí tí ọ̀tá fẹ́ràn àti ìgbà tó máa ń yí i padà bí inú bá bí i. Nígbà tí ìrẹ́pọ̀ àwa àti ẹ̀dá wa bá kún, a lè gun ẹ̀yìn rẹ̀ jà. A tún lè mú àbùdá kan láti ara ẹ̀dá kan kí a gbé e sára òmíràn; èyí tó fi àbùdá sílẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ràn tí a fẹ́ tọ́ dàgbà á ṣì wà pẹ̀lú wa. Fún ẹni tí kò lè fara dà á kí ẹ̀dá tí ó fún lórúkọ lọ nítorí àdàpọ̀, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀.

Démò yìí náà ń jẹ́ kí ohun tí a fi pamọ́ wọ inú géèmù gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ gùn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tí kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò nílò ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún ti pẹ́ díẹ̀ lórí igbá, èyí tó túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ nígbà ẹ̀dínwó.

Nintendo 3DS àlòkù

Mo kọ apá yìí nítorí àwọn tó ń rí 3DS, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Nintendo tó ṣáájú Switch, ní àlòkù ní Pánsẹ́kẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ti òkè òkun dé, tí wọ́n sì ń rò pé àwọn yóò fi gba àwọn démò àtijọ́. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Nintendo ti dẹ́kun títa géèmù nínú ilé ìtajà orí ẹ̀rọ yẹn, kò sì ṣeé ṣe mọ́ láti gba démò tuntun níbẹ̀. Èyí tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ní iye ìgbà tí a lè ṣí i mọ.

Ó bà mí lọ́kàn jẹ́, nítorí pé démò Pokémon Sun àti Moon jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ní ẹ̀bùn gidi: a lè gbé ẹ̀dá kan tó yàtọ̀, tí wọ́n ń pè ní Greninja, láti inú rẹ̀ wọ inú géèmù tí a rà. Ọ̀nà yẹn ti dí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra 3DS gbọ́dọ̀ rà á nítorí káàdì géèmù tó lè rí, kó sì yẹ agbègbè ẹ̀rọ náà wò, nítorí pé 3DS tí wọ́n ṣe fún Japan kì í gba káàdì géèmù ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù. Káàdì Switch kò ní ìṣòro yìí.

Digimon Story: Time Stranger, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká fún géèmù

Géèmù yìí jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, démò rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó ní Steam Deck, kọ̀ǹpútà géèmù tí a ń gbé lọ́wọ́, tàbí irú rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ó ju 450 Digimon, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹ̀dá abàmì rẹ̀, lọ nínú rẹ̀. Bí a ti ń bá irú Digimon kan jà léraléra ni ìmọ̀ wa nípa rẹ̀ ń pọ̀. Bí ìmọ̀ náà bá dé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, a lè ṣẹ̀dá tiwa, ṣùgbọ́n bí a bá ní sùúrù títí ó fi dé igba, èyí tí a óò rí yóò lágbára jù. Ẹ̀dá lè gòkè, ó sì lè padà sẹ́yìn láti lọ gba ọ̀nà mìíràn.

Irú ẹ̀rọ yìí wọ́n, ó wúwo, iná rẹ̀ sì ń tètè tán: wákàtí méjì sí mẹ́jọ ni wọ́n kéde fún Steam Deck àkọ́kọ́, géèmù tó ní àwòrán púpọ̀ sì máa ń wà nítòsí méjì. Àǹfààní rẹ̀ kan tí Switch kò ní ni pé Steam, ilé ìtajà géèmù tó wà lórí rẹ̀, ń dá owó padà bí a bá bèèrè láàrin ọjọ́ 14 tí a rà á, tí a kò sì tíì ṣe é tó wákàtí méjì. Fún ẹni tó bá lè san owó náà sílẹ̀, èyí dà bí démò kejì.

Fóònù tó wà lápò yín

The Dark Prince tí mo sọ lókè dé orí Android àti iPhone ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, iye rẹ̀ kò sì tó ìdajì iye tí wọ́n kéde fún ti Switch. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní Switch, ẹ lè fi tirẹ̀ ṣe démò, kí ẹ wá ra géèmù sórí fóònù yín. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ kò ní tẹ̀ lé yín, ṣùgbọ́n ẹ óò ti mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún. Bátìrì fóònù ni ìṣòro: ohun tí ẹ fi ń pe ènìyàn, tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́, ni ẹ óò máa fi ja ìjà.

Ta ni kó yan èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní Switch, tó fẹ́ràn láti máa ro ìdàpọ̀ àti ogún ẹ̀dá, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú démò The Dark Prince ní òru òní. Òun ni mo rò pé ó san èrè jù fún dátà tí a ná sí i. Ẹni tí ìfẹ́ sí ẹ̀dá kan ṣoṣo jẹ lógún jù, tàbí òbí tó fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n jọ máa yan ẹyin, Stories 2 ni tiwọn. Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ kó má ra ẹ̀rọ kankan nítorí èyí. Kó wá ọ̀rẹ́ tó ní Switch. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká fún géèmù, tí iná ilé rẹ̀ sì dúró, Digimon yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ti àwọn tí ọkàn wọn wà lára Monster Hunter Stories 3: Twisted Reflection, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2026 ni Capcom kéde fún un, lórí Switch 2, PlayStation 5, Xbox Series àti kọ̀ǹpútà. Switch àkọ́kọ́, OLED àti Lite kò sí lára wọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá ni ẹ̀rọ yín, ẹ má ṣe tọ́jú dátà dè é; démò apá kejì ṣì ń dúró dè yín nínú ilé ìtajà, ẹyin àkọ́kọ́ tí ẹ bá sì mú níbẹ̀ yóò bá yín dé inú géèmù gan-an ní ọjọ́ tí ẹ bá rí owó rẹ̀.